Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àfi ọjà ohun ìjà Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn

A kọ èyí fún ẹni tó ń gbọ́ orúkọ Lockheed Martin, Boeing àti Northrop Grumman nínú ìròyìn, tó sì fẹ́ mọ bó ṣe di pé orílẹ̀-èdè tó ń náwó sórí ohun ìjà jù láyé wá wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ dá lé. Níbi tó bá kan Nàìjíríà, a ó sọ ọ́.

Ta ni agbaṣẹ́ṣe àgbà? Ṣé òun ló ń ṣe gbogbo nǹkan?

Rárá o. Agbaṣẹ́ṣe àgbà lẹni tó bá Pentagon, ilé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, tọwọ́ bọ̀wé, tí owó sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ó dà bí ẹni tó gba iṣẹ́ ilé kíkọ́: òun kọ́ ló ń to búlọ́ọ̀kù, òun kọ́ ló ń fa wáyà, ṣùgbọ́n òun ni onílé mọ̀. Ẹ wo jẹ́ẹ̀tì F-35. Lockheed Martin ló ń tò ó pọ̀ ní Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas. Northrop Grumman ló ń ṣe agbedeméjì ara rẹ̀ àti rédà, BAE Systems ti Britain ló ń ṣe apá ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ni ìjọba ń rà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ Pratt & Whitney. Lábẹ́ gbogbo wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló ń ṣe bóòtù, fáàfù, wáyà àti kẹ́míkà.

Ẹ fi ìpele méjèèjì yìí sọ́kàn. Ojú gbogbo ayé wà lára àwọn ńlá tó wà lókè, bẹ́ẹ̀ ibi tí wàhálà ti ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀.

Mélòó ni wọ́n tẹ́lẹ̀, mélòó ló kù?

Ìròyìn tí Pentagon fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022 sọ pé láti àwọn ọdún 1990, agbaṣẹ́ṣe àgbà ti dín kù láti 51 sí 5: Lockheed Martin, Raytheon (tó ń jẹ́ RTX báyìí), General Dynamics, Boeing àti Northrop Grumman. Àwọn tó ń ṣe mísáìlì fún ogun orí pápá jẹ́ 13, wọ́n ku 3. Àwọn tó ń ṣe bàálù ológun, tí a bá yọ hẹlikópítà kúrò, jẹ́ 8, wọ́n ku 3. Ti sátẹ́láìtì lọ láti 8 sí 4.

Àmọ́ ẹ má ka iye yẹn bíi pé 46 kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn yí pátákó ẹnu géètì padà ni. Ilé-iṣẹ́ Fort Worth tí F-35 ti ń jáde lónìí, General Dynamics ló ń lò ó títí di 1993, F-16 ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Ohun tó kú ni àǹfààní kí ìjọba rí ẹni méjì tí yóò fi iye owó wọn wéra.

Ta ló ní kí wọ́n dara pọ̀?

Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni. Ogun Tútù parí, owó ohun ìjà ń já wálẹ̀. Ní 1993, Les Aspin tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò pe àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńláńlá wá jẹun alẹ́ ní Pentagon. Igbákejì rẹ̀, William Perry, là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ní tó gbogbo wọn jẹ mọ́. Norman Augustine, olórí Martin Marietta, ló sọ oúnjẹ náà ní Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn, bíi ti Jésù àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí dòní.

Ìjọba kò sì fi ẹnu nìkan tì wọ́n. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, John Deutch tó ń bójú tó ọjà rírà ní Pentagon fọwọ́ sí i pé ilé-iṣẹ́ tó bá ra òmíràn lè ka owó ìdàpọ̀ náà mọ́ owó iṣẹ́ ìjọba: owó ilé-iṣẹ́ títì, owó ẹ̀rọ kíkó, owó ìdádúró òṣìṣẹ́. Owó orí àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi dá òṣìṣẹ́ dúró. Nígbà tí ariwo pọ̀, ilé aṣòfin ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn pé ohun tí ìjọba yóò rí fipamọ́ ju ohun tó ná lọ.

Ta ló ra ta?

Ká tọ ipasẹ̀ Lockheed nìkan, ó tó. Ní 1993 ó ra ẹ̀ka bàálù General Dynamics ní bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Lọ́dún kan náà, Martin Marietta ra ẹ̀ka ohun ìjà General Electric ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3. Ní 1995, Lockheed àti Martin Marietta di ọ̀kan. Ní 1996 wọ́n ra ohun tí Loral ní nínú iṣẹ́ ológun ní bílíọ̀nù 9.1. Ní 2015 wọ́n ra Sikorsky tó ń ṣe hẹlikópítà ní bílíọ̀nù 9.

Boeing gbé McDonnell Douglas mì ní 1997. Raytheon ra iṣẹ́ ológun Hughes àti ti Texas Instruments lọ́dún kan náà, ó sì dara pọ̀ mọ́ United Technologies ní 2020. Ibẹ̀ ni Pratt & Whitney gbà bọ́ sí abẹ́ òrùlé rẹ̀.

Bí agbaṣẹ́ṣe bá ń yọni lẹ́nu, kí ló dé tí ìjọba kò fi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn?

Nítorí pé ìdíje ńlá kì í wáyé lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni Lockheed na Boeing níbi ìdíje F-35. Jẹ́ẹ̀tì ìjà ńlá tó tún tẹ̀lé e, F-47, ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n gbé e fún Boeing. Ọdún mẹ́tàlélógún àti oṣù díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá pàdánù kò lè kó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó títí di ìgbà yẹn kó máa san owó oṣù fún wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ F-15 àti F/A-18 tí Boeing jogún lọ́dọ̀ McDonnell Douglas, òun náà ì bá ti fi ọjà jẹ́ẹ̀tì ìjà sílẹ̀. Lójú tiwa, kí ẹni kejì má baà kú wà lára ohun tó jẹ́ kí ìpinnu 2025 dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú.

Ẹni tuntun tó fẹ́ wọlé ńkọ́? Ó nílò ìwé àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba kó tó lè ka ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Ó nílò ibi ìdánwò, tó jẹ́ pé ìjọba ló ni èyí tó pọ̀ jù. Ó sì nílò owó tí yóò fi dúró títí ilé aṣòfin yóò fi bu owó lé e, èyí tó lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín ọdún méjì yẹn ni ilé-iṣẹ́ kékeré tó láyọ̀ pé òun yege ìdánwò ti máa ń wọ gbèsè.

F-35: ibo gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́?

Níbi ìwé àwòrán ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn ní 2001, ìjọba ra ọkọ̀, kò ra gbogbo ẹ̀tọ́ sí àwòrán àti ìmọ̀ tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Èrò tó lòde nígbà náà ni pé kí ẹni tó ṣe é máa bójú tó o títí ayé, kó sì gba owó iṣẹ́. Ó dùn ún gbọ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí páàtì kan bá bàjẹ́, oníṣẹ́ ológun tó mọ irin jù lọ kò lè tú u, nítorí ìwé tó yẹ kó wò wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́.

Iye tó tẹ̀lé e rèé. Àjọ GAO tó ń yẹ ìwé owó wò fún ilé aṣòfin rí i pé ní oṣù Kẹta 2023, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò péré ni F-35 fi wà ní ipò tó lè jáde ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdá 85 sí 90 ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún. Páàtì tó ń dúró de àtúnṣe lé ní 10,000. Ibùdó àtúnṣe ìjọba tó yẹ kó ti gbéra ti pẹ́ sẹ́yìn ọdún 12. Nígbà tó di 2024, GAO tún sọ pé ìṣirò owó ìtọ́jú gbogbo F-35 Amẹ́ríkà títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì ti gùn láti tírílíọ̀nù 1.1 dọ́là ní 2018 sí tírílíọ̀nù 1.58 ní 2023. Ká má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, apá kan rẹ̀ jẹ́ nítorí pé wọ́n sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ọkọ̀ náà dé 2088.

Ẹ́ńjìnnì náà ní ìtàn tirẹ̀. General Electric àti Rolls-Royce ń ṣe èyí kejì, F136, kí Pratt & Whitney lè ní abánidíje. Pentagon pa á rẹ́ ní 2011 láti dín ìnáwó kù. Láti ìgbà náà, bí F135, ẹ́ńjìnnì ti Pratt, bá ní àìsàn, gbogbo F-35 láyé ló ní àìsàn náà.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Láti oṣù Keje 2023 títí di oṣù Keje 2024, ìjọba kọ̀ láti gba F-35 tuntun nítorí pé ìṣàtúnṣe tí wọ́n ń pè ní TR-3 kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ ń jáde, wọ́n ń gbé e sí àyíká. Kò sí ọkọ̀ ẹlòmíràn tí ìjọba lè yà sí ìdí rẹ̀ lọ rà.

Báwo ni páàtì kékeré ṣe ń di ọ̀wọ́n gógó?

Òfin ọdún 1962 kan ní kí agbaṣẹ́ṣe tí kò ní abánidíje kó ìwé ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀, kó sì tọwọ́ bọ̀wé pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ààlà: ó ní iye tí àdéhùn gbọ́dọ̀ dé kó tó mú un. Ní 2018, ààlà náà kúrò ní 750,000 dọ́là, ó di mílíọ̀nù 2. Bí àdéhùn bá kéré sí i, òṣìṣẹ́ ìjọba lè bẹ̀bẹ̀ fún ìwé, kò lè fi dandan gbà á. Tí wọ́n bá sì kéde pé ọjà orí igbá ni páàtì náà, tí ẹnikẹ́ni lè rà, òfin kò mú un rárá.

Ẹni tó bá mọ ihò yìí yóò máa ra àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń ṣe páàtì kan. Ní oṣù Kejì 2019, ọ̀gá ayẹ̀wéwò Pentagon tẹ ìròyìn jáde lórí páàtì 47 tí TransDigm tà. Nínú 46, èrè rẹ̀ kọjá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kà sí èrè tó tọ́, ti ọ̀kan sì jẹ́ ìdá 4,451. Àpọ̀jù èrè náà jẹ́ mílíọ̀nù 16.1 dọ́là, TransDigm sì gbà láti dá a padà. Ẹ kíyè sí i pé ìròyìn náà kò pe ohun tí wọ́n ṣe ní ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹ ní ìsàlẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Báwo?

Ẹ jẹ́ ká tú mísáìlì kan wò. Epo tó ń tì í kì í ṣe omi, ó le díẹ̀, ó ń fà bíi rọ́bà ìparẹ́. Bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n epo yẹn jẹ́ iyọ̀ funfun kan, ammonium perchlorate, tó ń fún iná ní afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó. Láìsí i, ọ̀pọ̀ jù lọ mísáìlì Amẹ́ríkà kò lè fò.

Ní 1988, ilé-iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe é ní Amẹ́ríkà: PEPCON àti Kerr-McGee, méjèèjì sì wà nítòsí ara wọn ní Henderson, ẹ̀gbẹ́ Las Vegas. Láti ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú Challenger ti fọ́ ní oṣù Kìíní 1986, irú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ń lo iyọ̀ yìí, kò fò mọ́, ṣùgbọ́n PEPCON kò dáwọ́ dúró. Ó ń ṣe iyọ̀ náà, ó ń kó o pamọ́ sínú dùrọ́ọ̀mù lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1988, iná sọ níbẹ̀. Ìbúgbàmù náà pa èèyàn méjì, ó ṣe èèyàn tó lé ní 300 léṣe, ó sì wó ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe súìtì màṣímálò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ palẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, méjì di ẹyọ kan.

Wọ́n kọ́ tuntun sí ẹ̀bá Cedar City, ní Utah, níbi tí ilé kò sí. Nígbà tó di 1998, ilé-iṣẹ́ tuntun náà ra òwò iyọ̀ Kerr-McGee. Ìdàpọ̀ yìí kò gba ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn kankan tí a mọ̀, bẹ́ẹ̀ mísáìlì tó gbára lé e ju èyí tí ìdàpọ̀ Lockheed fọwọ́ kàn lọ.

Ẹ̀tù dúdú, ẹ̀tù àwọn ọdẹ àtijọ́, náà nìyẹn. Wọ́n ṣì ń fi í tan iná sí ọ̀pọ̀ oríṣi ọta ìbọn ńlá. Ibi kan ṣoṣo ló ń lọ̀ ọ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ní Minden, Louisiana. Ó bú gbàmù ní oṣù Kẹfà 2021, iṣẹ́ sì dúró fún bí ọdún méjì.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ra ẹni tó ń tà fún abánidíje rẹ̀?

Northrop Grumman ra Orbital ATK ní 2018. Orbital ATK jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣẹ́kù tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì oníyọ̀ tí a sọ yìí. Àjọ FTC tó ń ṣọ́ ìdíje ọjà gbà á láyè, pẹ̀lú májẹ̀mú pé kó máa tà fún gbogbo èèyàn bákan náà. Ọdún tó tẹ̀lé e, Boeing fa ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje fún mísáìlì tí yóò rọ́pò Minuteman, mísáìlì átọ́míìkì Amẹ́ríkà tó wà nínú ilẹ̀, ó ní ìdíje náà kò dọ́gba mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Northrop nìkan ló wà lórí ìlà, ó sì gba bílíọ̀nù 13.3 dọ́là fún iṣẹ́ náà, Sentinel. Nígbà tó di oṣù Keje 2024, Pentagon ní gbogbo ètò náà yóò tó bílíọ̀nù 140.9, ìyẹn ìdá 81 lórí ìṣirò àkọ́kọ́.

Ṣé àìsí abánidíje ló fà á? Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Pentagon ní ihò inú ilẹ̀ tí mísáìlì ń wà àti ilé ìdarí ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àlékún náà, kì í ṣe mísáìlì. Ohun tí a lè sọ ni pé nígbà tí owó náà gùn, kò sí ìwé owó ẹlòmíràn nílẹ̀ tí wọ́n lè fi wò ó.

Ta ló lè dá ìdàpọ̀ dúró, báwo sì ni?

Pentagon kọ́, ìyẹn sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ìmọ̀ràn nìkan ló lè mú wá. FTC tàbí ẹ̀ka ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń pinnu. Lábẹ́ òfin 1976, àwọn méjèèjì tó fẹ́ dara pọ̀ yóò kọ̀wé sílẹ̀, wọn yóò sì dúró fún ọjọ́ 30. Bí ara bá fu àwọn tó ń ṣọ́ ọjà yìí, wọn yóò béèrè ìwé lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó lè gba oṣù púpọ̀ láti kó jọ. Lẹ́yìn tó bá pé, ọjọ́ 30 mìíràn. Bí wọn kò bá fara mọ́ ọn síbẹ̀, ilé ẹjọ́ ló kù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú Lockheed gan-an. Ó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Northrop Grumman. Ìjọba pè é lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹta 1998, ó jáwọ́ ní oṣù Keje. Ó fẹ́ ra Aerojet Rocketdyne, ilé-iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, ní bílíọ̀nù 4.4, FTC pè é lẹ́jọ́ ní oṣù Kìíní 2022, ó jáwọ́ lóṣù tó tẹ̀lé e. L3Harris ló wá rà á ní 2023.

Ṣé kò sí àǹfààní kankan nínú kí ẹnì kan máa ṣe é?

Ó wà. Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé bàálù ológun, tó sì ń lo agbára átọ́míìkì, Newport News nìkan ló ń kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà. Ẹyọ kan ní ọdún mélòó kan ni wọ́n ń béèrè. Kíkọ́ ibùdó kejì fún iṣẹ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ yóò kàn jẹ́ ìfowóṣòfò.

Ǹjẹ́ ìdíje tó ti kú lè jí?

Ó ti jí rí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì F100 ti Pratt & Whitney ń dákú lófurufú, tí ilé-iṣẹ́ náà kò sì kánjú tún un ṣe, àwọn ológun òfurufú fi owó ran General Electric lọ́wọ́ láti mú F110 jáde. Láti 1984, wọ́n ń pín ẹ́ńjìnnì F-16 fún àwọn méjèèjì lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ṣe dáadáa lọ́dún yìí ni yóò gba púpọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwà Pratt yí padà kíá.

Ti rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé sátẹ́láìtì náà wà níbẹ̀. Ní 2006, Boeing àti Lockheed kó tiwọn pọ̀ sínú ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ ni, ULA, kò sì sí ẹlòmíràn. SpaceX pe ìjọba lẹ́jọ́ ní 2014, ó gba ìwé ẹ̀rí ní oṣù Karùn-ún 2015, nígbà tó sì di 2016 ó gba iṣẹ́ sátẹ́láìtì GPS kan ní mílíọ̀nù 82.7 dọ́là. Àwọn ológun ní ó fi nǹkan bí ìdá 40 dín sí iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo oṣù Kẹrin 2025: nínú ìgbéra 54 tí wọ́n pín, SpaceX gba 28, ULA gba 19, Blue Origin gba 7. Ẹni tó fọ́ ògiri ló wá ń kọ́ tirẹ̀ báyìí.

Kí ló kan Nàìjíríà níbẹ̀?

Nàìjíríà gba Super Tucano 12 lọ́dún 2021. Embraer ti Brazil ló ya ọkọ̀ náà, Sierra Nevada Corporation ló bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ìjọba Amẹ́ríkà ló sì tà á. Ní irú ọjà báyìí, ẹni tó ń rà kì í bá ilé-iṣẹ́ dúnàá dúrà. Yóò kọ̀wé béèrè, Amẹ́ríkà yóò dá ìwé iye owó padà, ilé aṣòfin wọn yóò gbọ́ sí i bí owó bá pọ̀, ẹni tó ń rà yóò tọwọ́ bọ̀ ọ́, yóò sì sanwó sọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, òun ni yóò wá bá ilé-iṣẹ́ ṣàdéhùn. Bí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò bá ní ẹ̀tọ́ sí ìwé àwòrán kan, kò lè tà á fún Nàìjíríà.

Nílé, DICON tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ní Kaduna ni ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba. Òfin tuntun ọdún 2023 fún un lágbára láti máa ṣe ohun ìjà, kó sì tún máa bójú tó àwọn aládàáni tó fẹ́ ṣe é. Agbábọ́ọ̀lù tó tún mú fèrè rẹfirí dání, ó yẹ kéèyàn ṣọ́ ọ.

Kí ni kí ẹni tó ń rà béèrè kó tó tọwọ́ bọ̀wé?

Nǹkan díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì wà lórí ìwé nígbà tí olùtajà ṣì ń wá iṣẹ́: iye ìwé àwòrán páàtì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kódà bí a kò bá tíì rà á, ẹ̀tọ́ láti gbé àtúnṣe fún ẹlòmíràn, orúkọ gbogbo páàtì tó jẹ́ pé ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe é, dé ìpele kẹta nísàlẹ̀, títí kan kẹ́míkà, iye oṣù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fúnni ṣáájú kí wọ́n tó dáwọ́ páàtì kan dúró, àti ẹni tó ni kóòdù inú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bí ìwé àwòrán bá dé, ẹ má kàn kó o sínú àpótí. Ẹ mú páàtì kan tí kò le, bíi ìdérí fáàfù, ẹ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn ní ìwé rẹ̀ nìkan, kí wọ́n ṣe ẹyọ kan, kí ẹ fi í sára ọkọ̀. Irú irin, bí wọ́n ṣe fi iná sè é, àti bí ihò ṣe le fẹ̀ tó ló sábà máa ń sọnù nínú ìwé. Bí ẹyọ kan yẹn kò bá wọlé, owó ìkẹyìn kò tíì tó san.